Ẹ Jẹ́ Kí Awakọ̀ Bàálù Sùn

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù ní Olówógbowó. Àlímọ̀t, ìyá Hàwáwù, ti wọ aṣọ funfun, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun fojú kan Mẹ́kà kí òun tó kú. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàálù yóò gbéra ní Ìkẹjà.

Ṣùgbọ́n ara Hàwáwù kò balẹ̀. Àwọn tó háyà bàálù náà ti gba yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wọn fún awakọ̀ arọ́pò, ìyẹn òyìnbó tí yóò gba ọkọ̀ lójú sánmà nígbà tó bá rẹ ẹni àkọ́kọ́. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, wákàtí mẹ́jọ gbáko ni kó sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn. Hàwáwù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ganiat, ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

Òfin wà lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò gbé ìyá ọmọ Èkó lọ sí Mẹ́kà, tí wọn ò ní kí i? Àwa èèyàn yìí náà! A mọ oore í ṣe, a ò mọ ìgbà tó yẹ ká ṣe é. Bàbá Bashiru, olórí ilé, ló kọ́kọ́ gòkè lọ ṣàdúà fún un. Afusat, ará ilé wọn, gbé dòdò lọ. Lùkúmọ̀n, ará ilé kan náà, mú lẹ́tà wá, ó ní kó bá òun fún àbúrò òun ní Jẹ́dà. Òyìnbó ń dìde sí gbogbo wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Hàwáwù ló ń ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tó wá gòkè lọ jí i, ojú ọkùnrin náà pọ́n koko. Ó ń da omi sí ife, ife kún, omi ń ṣàn sórí tábìlì, kò mọ̀. 

Dáfídì ará Ìjẹ̀ṣà, òṣìṣẹ́ àwọn oníbàálù, gbé mọ́tò dé láti mú un lọ. Ó bi í bóyá ó sùn. Òyìnbó ní òun sùn dáadáa. Dáfídì wo ojú rẹ̀, ó yíjú sí Hàwáwù.

“Ìyá Ganiat, ṣé ó sùn?”

Hàwáwù bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ lórí àpótí. Tó bá ní kò sùn, bàálù ò ní lọ mọ́, gbogbo ilé yóò sì mọ̀ pé òun ló fà á. 

“Kò sùn, Bọ̀dá. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún wọn.”

Dáfídì mí kanlẹ̀. “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn yín bá sùn lọ nínú bàálù, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí wọn wà. Bí oorun bá gbé òun náà lọ, ta ni yóò jí i?”

Wọ́n sún ìrìn-àjò di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òyìnbó sì padà sórí ibùsùn. Ilé gbóná. Afusat ní ẹnu Hàwáwù ti yá jù. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò bínú sọ̀rọ̀. Ó kàn bi í bóyá lóòótọ́ ni ọkùnrin náà kò sùn. Hàwáwù ní lóòótọ́ ni, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá àgbà dìde. Ó fa àpótí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó jókòó lé e. Kò pẹ́ ni Bàbá Bashiru dé, ó ní òun fẹ́ gòkè lọ bẹ òyìnbó náà fún ìyọlẹ́nu. Àlímọ̀t na ọ̀pá rẹ̀ dí ọ̀nà.

“Ìsàlẹ̀ níbí ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́. Ó ń sùn.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, bàálù kì í fò láìsí epo, awakọ̀ rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ wà á láìsùn. Bí wọ́n bá fi í wọ̀ sí àdúgbò yín, ẹ pa ariwo mọ́, ẹ má kanlẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá wọ inú bàálù tí ẹ rí ibùsùn lẹ́yìn kọ́tìnnì, tirẹ̀ ni. Ẹ má gbé ẹrù lé e, ẹ má sì gbé arúgbó yín sùn sí i, bó ti wù kí ẹsẹ̀ máa dùn ún tó. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé kò sùn, ẹ sọ fún àwọn oníbàálù kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìkíni kò ní bàjẹ́. Ẹ kí i nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀.