Adábùú Orí Afárá

Gbogbo àwa tí wọ́n gba ohùn wa sínú géèmù yẹn la mọ ara wa. Ohùn kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bólúwadúró ló ṣe géèmù náà. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Gowon Estate ni òun ń gbé, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ tí mo fi ń rán sùtánà fún àwọn ará ìjọ.

"Mọ̀mí Hope, ohùn yín ni mò ń wá. Ohùn tó máa dẹ́rù ba èèyàn."

"Ohùn ta ló ń dẹ́rù bani? Ṣé mo ti gé ọ jẹ rí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin náà ṣá mọ̀ pé tí ẹ bá pariwo ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n á gbọ́ ọ ní Dópẹ̀mú."

Mo bínú o, ṣùgbọ́n mo lọ ka ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ fún mi. Mi ò jókòó ní kíláàsì kankan rí. Inú Bíbélì àti ìwé orin ni mo ti kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ máa gbé síwájú mi tí mi ò ní kà yanjú.

Ìtàn géèmù náà kò le. Arìnrìn-àjò kan fẹ́ sọdá odò lọ sí ìlú tí àwọn èèyàn rẹ̀ tó ti sọnù wà. Afìnàhàn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọ̀nà hàn án: aláṣọ funfun, ẹlẹ́rìn-ín, tó mọ orúkọ gbogbo èèyàn. Èmi ni Adábùú, obìnrin burúkú tó jókòó sórí afárá, tó ń bú èèyàn, tó ń fi pàṣán na èèyàn kó má baà kọjá. Ẹni tó bá ṣẹ́gun mi ló jẹ.

"Kí ló dé tí mi ò fẹ́ kí wọ́n kọjá?" mo bi í.

"Ìkà ni ẹ̀yin níbẹ̀, mà. Ìkà kì í nídìí."

Irọ́ ni. Ìkà máa ń nídìí.

Henry, tó ń kọ ohùn tẹ́nọ̀ nínú akọrin wa, ló yẹ kó ṣe Afìnàhàn. Ó lọ sìnkú ní Oǹdó, kò tètè dé. Síbẹ̀, nígbà tí Bólúwadúró ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohùn Afìnàhàn ti wà níbẹ̀, ó pé pérépéré. Ó rò pé Henry ló fi ránṣẹ́. Henry dé, ó gbọ́ ohùn náà, ó ní, "Èmi kọ́." Àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Ohun tó yẹ kí wọ́n sá fún ni wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Èyí tó tún wá burú jù: Bólúwadúró ṣe é pé bí Afìnàhàn bá pe orúkọ rẹ, àfi kí ìwọ tí ò ń ṣe eré náà fi ẹnu ara rẹ dáhùn sínú fóònù kí ọ̀nà tó là. Ọmọ Yorùbá! Ta ni ìyá rẹ̀ kò kìlọ̀ fún pé bí ohùn kan bá pè é, tí kò rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn? Òun tún wá sọ ọ́ di dandan!

Hope, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò. Ó ti parí ilé-ìwé gíga, ó ń wá iṣẹ́. Stephen, bàbá rẹ̀, kú kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí géèmù náà ti wọ inú fóònù rẹ̀, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, àní lábẹ́ oòrùn. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá tó ń dáhùn: "Ìn. Mo wà níbí."

"Ta lò ń dá lóhùn?"

"Afìnàhàn ni. Mọ̀mí, Àbẹ̀kẹ́ ló pè mí."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Stephen nìkan ló máa ń fi oríkì yẹn pè é. Mo pe Bólúwadúró. Ó búra pé òun kò kọ Àbẹ̀kẹ́ síbì kankan.

Mo gba fóònù náà, mo pa á, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Hope wò mí bí ẹni ń wo olè.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn kan àtàrí. Wọ́n ti mú iná. Lójijì ni jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ẹnì kan gbọ́wọ́ lé wọn lẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ kankan kò kọjá. Mo gbọ́ òórùn yẹ̀pẹ̀ tútù, bíi ti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

Ìgbà náà ni ohùn náà dé. Kì í ṣe inú àpótí ló ti wá o. Ẹ̀yìn géètì ni.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ó rọra pè é, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. Hope jáde láti inú yàrá láìwọ bàtà. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń wò. Mo sáré síwájú, mo fi ẹ̀yìn ti géètì.

"Ẹ kúrò lọ́nà!" Ọmọ tí kò pariwo mọ́ mi rí! "Dádì mi ló wà níta. Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kí n rí i!"

Ó fi èékánná ya mí lápá. Mo gbá a létí, ó ṣubú, ó tún dìde. Mo fẹ́ ké Sáàmù, ẹyọ kan kò wá sí mi lẹ́nu.

"Ìyá Hope," ohùn náà sọ, ó dùn ju oyin lọ, "ṣílẹ̀kùn. Mo kàn fẹ́ dágbére fún ọmọ ni."

Ẹ gbọ́, ọwọ́ mi ti wà lára irin géètì. Ta ni kò fẹ́ rí ọkọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn.

"Stephen, tó bá jẹ́ pé ìwọ ni, wọlé. Ilé rẹ ni. Láti ìgbà wo ni baálé ilé ti ń dúró níta, tó ń pe ọmọ rẹ̀ jáde?"

Kò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn sùtánà tí mo sá sórí okùn kún. Kò sí atẹ́gùn. Ewé kan kò mì. Ṣùgbọ́n àyà àwọn aṣọ náà yọ, èjìká wọn yọ, apá wọn kún, gbogbo wọn sì yíjú sí géètì. Orí mi wú. Mo la ẹnu, ohùn tó jáde tóbi ju ọ̀fun mi lọ, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ohùn tí mo fi ṣe Adábùú ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí Bólúwadúró kọ.

"Ọmọ yìí kò ní kọjá lónìí. Padà sí òdìkejì odò."

Lẹ́yìn náà, ohùn ẹ̀yìn géètì dáhùn. Kò dùn mọ́, kò sì bínú. Bí àwọn tó ti mọra tipẹ́ ṣe ń kí ara wọn ló rí.

"Adábùú. O ṣì wà níbẹ̀."

Àwọn aṣọ náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Hope wó lé mi láyà, ara rẹ̀ gbóná, ó ń làágùn.

Bólúwadúró dé nírọ̀lẹ́. Mo ti kó èébú jọ dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ròyìn tán, ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mọ̀mí, èmi kọ́ ni mo ronú kan Adábùú àti Afìnàhàn," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo rí wọn ni. Ibà fẹ́ pa mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́, à ń lọ, inú mi ń dùn. Obìnrin kan dúró lórí afárá. Ó nà mí, ó nà mí, títí mo fi sá padà. Àfi bí mo ṣe lajú, tí màmá mi ń sunkún lé mi lórí. Wọ́n ní mo ti kú." Ó nu imú. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti kórìíra obìnrin náà."

"Ẹni tó dá ọ padà sáyé lo sọ di ìkà, o wá fi ẹni tó ń mú ọ lọ ṣọ̀rẹ́? O ò tiẹ̀ tijú!"

Ó kàn ń wo ojú mi.

"Obìnrin náà," mo bi í, "báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní kó dìde, kó dìde jàre. Kò dìde.

Ó ti pa géèmù náà rẹ́. Bóyá ó ti kúrò lórí fóònù àwọn yòókù tó gbà á, òun náà kò lè sọ. Hope ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbà pé bàbá òun ni mo lé lọ.

Lánàá, mo gbọ́ ọ nínú yàrá, ó ń sunkún, ó ń pe Dádì rẹ̀ léraléra. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí oorun fi gbé e lọ, mo sì dúpẹ́.