Ẹni Tó Ń Gbé Oúnjẹ Wá fún Àgbékẹ́

Ohun tí Lubabah kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára ọkùnrin náà ni pé kì í làágùn. Oṣù kẹta ọdún ni, oòrùn Accra mú páànù òrùlé wọ́ọ̀dù gbóná débi pé ó ń ké páá-páá, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi páálí fẹ́ ara wọn. Ọ̀sán gangan báyìí ni ọkùnrin náà máa ń wọlé pẹ̀lú wáàkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n dì sínú ewé, ọrùn aṣọ rẹ̀ á sì gbẹ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Eṣinṣin pọ̀ nínú wọ́ọ̀dù yẹn bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n wọn kì í bà lé e, wọn kì í sì í bà lé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá kí i, á dákẹ́ díẹ̀ ná, àfi bíi pé ọ̀nà jíjìn ni ìkíni náà ti ń bọ̀, kó tó rẹ́rìn-ín, kó tó dáhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni Lubabah, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ni wọ́n pín in sí nígbà náà. Mamobi, àdúgbò kan ní Accra, ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ẹrù aṣọ wá sí Gáánà. Twi àti Haúsá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gbé obìnrin kan dé láti Adabraka, tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ, àwọn nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Àlátà, pariwo pé, "Àlátà yín dé o! Ẹ bá wa pe Lubabah!"

Àgbékẹ́ ni orúkọ obìnrin náà. Ó ń ta ọṣẹ. Ó ti sáré jáde sí títì láìwọ bàtà, ó ń ké pé òkú wà nínú yàrá òun. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ àwọn aládùúgbò tí wọ́n fi bá a mú un wá. Mísbáù ni ọkọ náà ń jẹ́, òun náà ni ẹni tí kì í làágùn yìí.

Dókítà Phoebe, ọ̀gá wọn, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ síta lábẹ́ igi máńgòrò. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè.

"Bí aláìsàn bá ní wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbà fún un," ló wí. "Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibà ló ń ṣe é, tàbí ọtí, tàbí ó fi orí gbá nǹkan. Bí kò bá sí èyí, ẹ bi í léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ń gbọ́ ohùn? Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ti ronú láti pa ara rẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ń bá a gbé, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Aláìsàn kì í mọ̀ pé ara òun ò yá. Ẹni tó ń bá a gbé ló mọ̀."

Lubabah lọ jókòó ti Àgbékẹ́. Obìnrin náà kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ yíjú kúrò níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìsinmi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àbúrò mi, o gbọ́ Yorùbá?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Alihamudulilahi. Gbọ́ mi o. Mísbáù ti kú. Tema la ń gbé, èbúté ló ti ń já ẹrù. Ṣéènì já, ẹrù wó lù ú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe kírun sí i lára. Mo ṣe opó mi pé. Mo wá gba yàrá sí Adabraka, torí n kò lè máa wo ọ̀nà tó ń gbà wálé mọ́. Ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ opó, mo ti ọjà dé, mo bá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní kí n bu omi ìwẹ̀ fún òun."

"Ẹ ò bi í pé ibo ló ti wá?"

"Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín sí mi."

Lubabah bi í ní gbogbo ohun tí Dókítà Phoebe ní kí wọ́n máa bi aláìsàn. Kò gbọ́ ohùn kankan. Kì í sùn, torí pé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í mí. Ta ló tún mọ̀ pé Mísbáù kú? Ó ní Sàúdátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, àmọ́ ó ti padà sí Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Wọ́n wá gbọ́ tẹnu ẹni tó ń bá a gbé. Ó jókòó sí ọ́fíìsì Dókítà Phoebe, ó ká ọwọ́ sórí itan. Ó ní oyún kan ló bàjẹ́ lára ìyàwó òun ní Tema, láti ìgbà náà ló ti ń pe òun ní òkú. Ó ní fóònù náà ti sọnù nínú ọkọ̀ tròtrò. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ káàánú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Lubabah náà, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ti dìde, ó rí i pé tìmùtìmù àga tó jókòó sí kò tẹ̀ rárá.

Ó sọ fún Dókítà Phoebe. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń bá aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ rí nǹkan. Á kọjá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún Àgbékẹ́ ní oògùn. Lubabah ni wọ́n ní kó máa bá a sọ̀rọ̀, nítorí oògùn nìkan kò tó, ó yẹ kí aláìsàn kọ́ bí a ti ń yẹ èrò ara rẹ̀ wò. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó tì í. Yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìbànújẹ́ lè mú kí ojú máa tan èèyàn. Bí èrò yẹn bá dé, ẹ sọ fún ara yín pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀." Àgbékẹ́ á mì orí, á kọ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ kíkọ̀. Nígbà tó tún yá, ó ń sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wáàkyé náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà wọlé, Àgbékẹ́ gbójú sókè, ó ní, "Mísbáù, ẹ káàbọ̀." Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà wo Lubabah, ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn." Ìgbà yẹn nìkan ni kò dákẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Àgbékẹ́ sílẹ̀, Lubabah sìn wọ́n dé Adabraka, ó sì mọ ilé wọn. Òjò rọ̀, òjò dá, wọ́n gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbòmíràn, wọ́n tún padà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìyá àgbàlagbà kan ló dúró níbẹ̀, ìbòrí funfun wà lórí rẹ̀, báàgì ìrìn àjò wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo gbọ́ Yorùbá. Ìyàwó àbúrò mi ni mò ń wá. Tema ni mo ti gbọ́ pé wọ́n gbé e wá síbí. Sàúdátù lorúkọ mi. Opó Mísbáù ni."

Lubabah sún mọ́ ọn. "Màmá, opó?"

"Opó ni mo wí. Èmi náà ni mo sunkún lẹ́yìn òkú rẹ̀."

Wọ́n wọ táásì lọ sí Adabraka. Ilé náà dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé, àwọn ayálégbé yòókù ti lọ ọjà. Bàtà dúdú ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ìyá náà dúró, ó nawọ́ sí i.

"Bàtà yìí. Èmi ni mo fi ṣe sàárà fún ààfáà lẹ́yìn ìsìnkú."

Àgbékẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti sanra, ó ń ká aṣọ. Ó rí wọn, ó kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́. "Màmá, ẹ kú àbọ̀. Àbúrò yín ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé."

Wọ́n gbọ́ ọ, omi ń dà láti inú igbá. Ohùn kan sì ti ẹ̀yìnkùlé wá, ó rọra ní, "Àgbékẹ́, ta ló dé?"

Ìyá àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ lé àyà. Ó mọ ohùn náà kí ọmọ aráyé kankan tó mọ̀ ọ́n, torí òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. "Mísbáù!" ló ké. "Mísbáù Àkànbí!"

Omi dá dúró.

Lubabah ló sáré débẹ̀. Ó lu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó tì í títí irin tí wọ́n fi há a nínú fi ṣí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kún fún omi. Ọṣẹ ń hó lórí sìmẹ́ǹtì, igbá ṣì ń yí lórí omi. Kò sí ẹnì kankan.

Nígbà tó padà sí yàrá, Sàúdátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́. Àgbékẹ́ dúró láàárín yàrá. Kò sunkún.

"Ẹ ti lé e lọ," ló wí. "Wọ́n ní bí ọmọ ìyá àkúdàáyà bá ti dá a mọ̀, kì í padà mọ́." Ó yíjú sí Lubabah. "Àbúrò mi, nígbà tí mo mọ ohun tó jẹ́, o ní àìsàn ni. Mo gbé oògùn mì títí n kò fi mọ̀ mọ́. Ohun tí n kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ń pè mí ní wèrè, ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ara mi yá."

Ó tú ìró rẹ̀, ó mú ọwọ́ Lubabah, ó gbé e lé ikùn. Ikùn náà ti yọ, ó le koko. Nǹkan kan ta ìpá lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó lágbára débi pé Lubabah fa ọwọ́ yọ.

Lubabah fi ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ilé ìwòsàn, sétí, ó kúnlẹ̀, ó tẹ ẹnu ohun èlò náà mọ́ ikùn. Ó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ Àgbékẹ́ tó ń ṣàn. Ó sún un sí ẹ̀gbẹ́, ó sún un sí ìsàlẹ̀, ó mí èémí sínú, kò tú u jáde. Nǹkan náà yí, ó sì tún ta. Lubabah ń wá ọkàn kékeré tó yẹ kó máa sáré lù kìkì-kìkì níbẹ̀. Gbogbo ibi tó gbé ẹnu ohun èlò náà sí, ó parọ́rọ́.

"Ṣé ara rẹ̀ le?" Àgbékẹ́ bi í.

Lubabah wo ojú Sàúdátù, ìyá náà gbé ojú kúrò. Lubabah yọ ohun èlò náà kúrò létí.

"Ó ń mira," ló wí.

"Mo mọ̀ pé ó ń mira," ni Àgbékẹ́ wí, ó sì rọra so ìró rẹ̀ padà.