Abúlé Tó Ń Tì Ní Aago Mẹ́ta Ọ̀sán

Ohun tí a bá gbà sílẹ̀ kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi di òkúta lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí Kozue sọ ohun tí kò sọ rí.

Inú géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti sọ ọ́, abúlé apẹja kan tí àwọn ènìyàn láti gbogbo Japan ti máa ń pàdé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín tì í pa pátápátá, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Kozue, ọ̀kan lára wọn, dàgbà sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti abúlé náà pa tó fi kú.

Èmi àti Tokita la jí abúlé náà dìde, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù géèmù àlòkù ní Osaka. Ilé-iṣẹ́ ti nu gbogbo rẹ̀ nù, nítorí náà a kó ohun tí àwọn tó ń ṣeré níbẹ̀ gbà sínú ẹ̀rọ wọn jọ. Àmọ́ ọjọ́ ìdágbére nìkan ni wọ́n rántí gbà sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan náà la rí gbà padà. Lójoojúmọ́, àwòrán wọn, ti Kozue náà, á pé jọ sétí òkun, wọ́n á máa tẹrí ba fún ara wọn. Tó bá di aago mẹ́ta, òkùnkùn á bò wọ́n.

Ìyá Kozue máa ń wá wò ó, pẹ̀lú ìrẹsì tó fi ewé òkun dì.

Tokita ní, "Màmá, ẹ fẹ́ sọ wá di àgbá."

"Àgbá wo? Ẹ̀yin eegun rírìn yìí? Ẹ jẹun jàre."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà, lókè orí Kozue: *Màmá, ó tún fẹ́ ṣú.*

Tokita rẹ ohùn sílẹ̀. "Shuhei, ṣé ìwọ lo kọ ìyẹn?"

"Èmi kọ́."

Ìyá rẹ̀ di apá mi mú. "Ẹ̀rù òkùnkùn máa ń bà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún lé e jáde."

Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ náà. Mo ní, "Wọn ò tiẹ̀ bi í léèrè kí wọ́n tó tì í pa." Mo yọ àṣẹ tó ń ti abúlé náà pa kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́ta kọjá, ìgbì òkun ṣì ń bì. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ohun tí a gbà sílẹ̀ parí sí. Àwọn yòókù dúró bí wọ́n ṣe tẹrí ba, wọn ò gbórí sókè mọ́. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ kejì, Kozue ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ojú wọn.

*Màmá, gbogbo wọn ti lọ. Kí ló dé tí ẹ dá èmi nìkan dúró?*

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. "Ìwọ tó o ní wọn ò bi í léèrè. Ìwọ náà, ṣé o bi í léèrè?"

Mo tẹ ìbéèrè náà sínú kọ̀ǹpútà: *Kozue, kí lo fẹ́?*

*Ẹ jẹ́ kó ṣú. Ṣùgbọ́n kí Màmá dúró tì mí.*

Ìyá rẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ kejì ló fi pa kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. "Sùn, ọmọ mi. Mo wà níbí."

Ó ṣú. Tokita fa wáyà yọ kúrò lára ògiri. Ìyá Kozue nu ojú rẹ̀, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó dìde.

Lójú kọ̀ǹpútà tó ti dúdú náà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: *Mi ò tíì sùn.*

Ìyá rẹ̀ tún jókòó tì í.