Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Iná Kì Í Jó

Ọmọ náà kò ṣàìsàn. Ó mu ọmú ní àṣálẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí àtùpà, ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ara rẹ̀ ti tutù.

Igbe Ìyàwó Kékeré bá ìyáálé rẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì, nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń kó búrẹ́dì jáde. Ó sáré wọlé bó ṣe wà. Páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láàárín iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi aṣọ dì í mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo òkú ọmọ, ó gbàgbé láti sọ páànù kalẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ti ń rọ́ dé. Ìyá Rédíò, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa á, ní kí òun bá a gba páànù náà. Ìka rẹ̀ kàn án báyìí, ó fò sẹ́yìn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Wọn kò tíì sin ọmọ tán tí ọ̀rọ̀ fi dé ìdí kànga. Òwìwí kan wà tó máa ń bà sórí òrùlé ààrò náà, nítorí eku tó ń jẹ ìyẹ̀fun. Ó ti pẹ́ tí gbogbo ilé ti ń rí i, kò sí ẹni tó kà á sí. Ṣùgbọ́n ó ti ké ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Ìyá Rédíò wí, ó sì gbé omi rẹ̀ rù, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Wọ́n parí rẹ̀ fún un. Oyún tó bàjẹ́ lára Ìyàwó Kékeré ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìka tí ayùn gé lọ́wọ́ Káfíńtà, ọkọ wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó jọ sọ́rùn ìyáálé, ẹni tí wọ́n ní iná kì í jó. Ẹnìkan ní òun rí i ní ìdájí, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ààrò, ó ń ri nǹkan mọ́lẹ̀.

Òótọ́ ni, ó ń ri nǹkan mọ́lẹ̀. Àkísà tó fi ń di egbò ọwọ́ rẹ̀ ni.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, nìkan ló mọ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó rí ìṣó bàbá rẹ̀ tó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣinṣin, tí ìyá náà sì ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń tẹ òwú. Ọjọ́ yẹn ni ìyá fi àmì funfun kan hàn án lẹ́yìn, ibi tí a lè fi abẹ́rẹ́ gún tí kò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, ló wí. Wọ́n kọ́ àgọ́ fún un nínú igbó, wọ́n ń fi igi gígùn ti oúnjẹ sí i, títí di ọjọ́ tí kò sí ẹni tó jáde wá gba oúnjẹ.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì tó ń wá wo àwọn aboyún ní oògùn wà fún un ní ọsibítù, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń san pátápátá. Ìyá ní òun gbọ́, àmọ́ ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Ọmọ Télọ̀ ló fẹ́ fẹ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n ti mú ọjọ́.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ páànù ni ìyá ti ń fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn, tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ń po ìyẹ̀fun. Ohun tí ì bá gbà á là gan-an ló ń fi pamọ́.

"Wọ́n ń pè yín ní àjẹ́, Màámi."

"Kí wọ́n máa pè mí. Àjẹ́ a jẹ́wọ́, wọ́n a fi omi wẹ̀ ẹ́, tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n a tún máa kí i. Ta lo ti rí tó kí adẹ́tẹ̀ káàárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ àjẹ́ ṣì ń rí ọkọ fẹ́. Ọkọ náà kì í sì í lù ú."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò rọlẹ̀, Káfíńtà ránṣẹ́ pe adáhunṣe kan. Wọ́n péjọ sí àgbàlá, láàárín pákó àti àpólà igi. Télọ̀ náà wá. Ó ní àna rere kì í sá fún ohun tí omi lè fọ̀. Adáhunṣe bi ìyáálé léèrè, ìyáálé kúnlẹ̀, ó ní òun ni.

Ìyàwó Kékeré, tí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú, dìde.

"Ṣé ọmọ mi sunkún?"

Ìyáálé wo ojú rẹ̀. "Rárá. Kò sunkún. Kò mọ nǹkan kan."

Omi wíwẹ̀ ló ń retí. Adáhunṣe kò bu omi wíwẹ̀. Ìgò kan ló mú jáde, omi èèpo igi ló wà nínú rẹ̀, ó sì dà á sínú ife. Ó ní ẹni tó bá mu ún tó bì í, yóò yè. Tí kò bá bì í, ilẹ̀ ti gba tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá Oníbúrẹ́dì wo Télọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ tó fi aṣọ wé láti gba ife.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ já ife náà gbà, ó dà á nù. Ó tú aṣọ ọwọ́ ìyá rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn.

"Ẹ ní iná kì í jó o. Ẹ wò ó. Iná jó o dé egungun. Kò mọ̀ ni. Ìyá mi kì í ṣe àjẹ́. Ẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe é."

Àwọn tó ti sún mọ́ àjẹ́ láti wò ó dáadáa wá ń fi ẹ̀yìn rìn. Ìyá Rédíò, tó ṣì ra búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé kò sí èyí tó rọ̀ tó o ládùúgbò, bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́. Adáhunṣe ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ó gbé ìgò, ó fi ife sílẹ̀. Télọ̀ dé fìlà. Ó kọrí sí ọ̀nà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ojú sìn ín títí ó fi yà ní igun ọgbà.

Káfíńtà mí kanlẹ̀. "Igbó ni ilé adẹ́tẹ̀," ló wí, jẹ́jẹ́ ló sì wí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa pákó.

"Ọsibítù la ń lọ ní àárọ̀ ọ̀la, Bàámi."

Káfíńtà ń ṣa èyí tó gùn, ó ń ṣa èyí tí ikán kò tíì jẹ.

"O ti ba ayé ara rẹ jẹ́," ni ìyá wí.

"Ẹ̀ bá ti kú, Màámi."

"Ǹ bá kú ní ìyá ìyàwó."

Àgbàlá ti dá. Ìyàwó Kékeré nìkan ni kò tíì kúrò níbi tó dúró sí.

"Ta ló wá pa ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀, ìyàwó mi."

"Ẹ ní ẹ̀yin ni."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ ò bá fi irọ́ yẹn sílẹ̀ fún mi," ni Ìyàwó Kékeré wí. "Mo ti rí ẹni tí mo lè bínú sí."

Ó wó lulẹ̀ jókòó, ẹkún tí kò tíì sun sì wá bú jáde. Ayùn ọkọ wọn ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyáálé rẹ̀ jókòó sí òdì kejì àgbàlá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tu ènìyàn nínú láìfọwọ́ kàn án.