Ẹrù Ìyàwó Tí Bàbá Fi Bíírò Kọ Kún

Ìjà ni Moyinolúwa fi pàdé Kàmọ́rù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá àwọn abiyamọ ní ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́ tó ti ń ṣe agbẹ̀bí ní àdúgbò Agbalépédogan, ó bá gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù ní pípa. Ọkùnrin kan dúró lórí àkàbà, ó ń yọjú wo àjà.

"Ta ló pa klíìmù?"

"Pàdọ́ọ̀n, màdáámù. Èmi ni. Ọ̀gá yín ló ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n kọ̀wé lé e lórí."

"Tàn án kíá! Ṣé ìwọ lo bímọ láàárọ̀ yìí?"

Kàmọ́rù tàn án, ó bẹ̀bẹ̀, ó wá ṣàlàyé. Ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti gbó, àjẹjù iná wọn ló ń mú kí iná ilé náà já ní gbogbo ọ̀sán. Bí wọ́n bá kun òrùlé ní funfun, tí wọ́n ṣe ìbòòji sí fèrèsé, ẹ̀rọ tuntun mẹ́ta tí kì í jẹná púpọ̀ yóò tó. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn débi pé ìbínú Moyin rọ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "ọ̀wọ́n mi" ni wọ́n ń pe ara wọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Alàgbà Adéwálé, bàbá Moyin, ló ta ẹ̀rọ àlòkù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún ilé ìgbẹ̀bí náà, ó sì ṣì fẹ́ tà sí i.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dé. Ẹbí Kàmọ́rù wá láti Sàkété sí ilé Alàgbà ní Sanguéra. Moyin wà nínú yàrá bí àṣà, ẹ̀rù ń bà á pé ọ̀rọ̀ mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́ẹ̀nì ni yóò da nǹkan rú. Bàbá kò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀sìn. Lábẹ́ iṣu, oyin àti obì nínú àkọsílẹ̀ ẹrù ìyàwó, ó ti fi bíírò kọ ọ̀kan kún un: kí ọkọ kọ̀wé sí ilé ìgbẹ̀bí pé àwọn ẹ̀rọ náà ṣì dára.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àna mi," ni bàbá wí.

Kàmọ́rù gbà. Ìfẹ́ ló fọ́ ọ lójú, ẹ má sì torí ìyẹn gbè é lẹ́yìn. Moyin kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, iná já lọ́sàn-án gangan, Ìsìlámíyátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì dákú sọ́wọ́ Moyin nítorí ooru. Nígbà tí wọ́n jí i tán, Moyin fi igbe lọ bá ọ̀gá ilé ìgbẹ̀bí. Ọ̀gá na ìwé sí i: ẹ̀rọ dára, kò sí ohun tí a ó pààrọ̀. Orúkọ Kàmọ́rù wà nísàlẹ̀.

Inú bí Moyin gan-an. Ó gun alùpùpù sẹ́mí lọ bá Kàmọ́rù níbi iṣẹ́.

"Ta ló ní kí o fi òógùn àwọn abiyamọ fẹ́ mi?"

"Moyin mi, bàbá ẹ ló ní..."

"Bàbá mi ń tajà! Ìwọ ńkọ́, kí lò ń tà?"

"Ẹ̀rù bà mí kí n má pàdánù rẹ."

"O ti ń pàdánù mi báyìí. Lọ gba ìwé yẹn padà!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kàmọ́rù gbà á padà, ó kọ òtítọ́, ó sì lọ bẹ Ìsìlámíyátù. Wọ́n tú ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dànù, wọ́n fi mẹ́ta tuntun rọ́pò wọn. Bàbá dá gbogbo ẹrù padà, ó ní òun kò bí ẹni tó ń jẹ́ Moyinolúwa.

Nígbà tí wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, àga bàbá ṣófo níwájú. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bi Moyin bóyá ó gbà láti fẹ́ Kàmọ́rù. Ó kọjú sí àga náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó pariwo:

"Oui! Mo gbà!"

Kàmọ́rù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n Moyin ṣì ń fi ìbínú wo àga tó ṣófo náà.