Owó Ìwòran

Iye òkú tó bá wà nínú àwòrán ni Evodio Barragán fi ń díye lé e. Òkú kan, owó pọ́ọ́kú. Òkú mẹ́ta, owó gidi. Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún ni wọ́n so rọ̀ sórí òpó wáyà, tí ojú gbogbo wọn sì hàn kedere, àfi kí olówó sún mọ́ ọn.

Káàdì aláwòrán àtijọ́ ló ń tà, irú èyí tí àwọn èèyàn ayé ọjọ́un ń kọ ìkíni sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń lẹ sítáǹpù mọ́, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ará ilé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pàtẹ wọn sí ọjà Lagunilla ní Ìlú Mẹ́síkò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, afárá àti ọmọge tó gbé òdòdó dání. Evodio kò ka ìyẹn kún ọjà. Nígbà ogun abẹ́lé Mẹ́síkò, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú, àwọn ayàwòrán máa ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun kiri, wọ́n á ya àwọn tí wọ́n yìnbọn pa, wọ́n á sì tẹ̀ wọ́n sórí káàdì tà. Àwọn wọ̀nyẹn ni Evodio ń kó jọ.

Òun fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọjà rẹ̀. Ó ń mutí àmuyíràá, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ìjà. Ó fọ́ eyín oníbàárà kan torí pé ó ká etí káàdì kan kò. Ó lu ìyàwó rẹ̀ títí obìnrin náà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Puebla.

Ẹni tó pàtẹ tì í ni Don Cirilo, àgbàlagbà kan tó ń ta àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. Onígbàgbọ́ ni. Ilé ìjọsìn ló ń kọ́kọ́ lọ, kì í sì í dé ọjà kó tó di ọ̀sán, nígbà tí àwọn oníbàárà gidi ti lọ.

"Ṣé Jésù ra kọ́kọ́rọ́ kankan lónìí?" Bí Evodio ṣe máa ń kí i nìyẹn.

"Kò tíì rà, àmọ́ ó ní kí n kí ẹ."

Lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún 1974, Doña Hermelinda Tovar, obìnrin alágbàfọ̀ kan tó ti ń hewú, dúró níwájú àtẹ Evodio, ó sì tẹjú mọ́ káàdì kan. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó nà gbalaja lẹ́bàá ògiri ló ń wò. Ayàwòrán ti fi yíǹkì funfun kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà láàárín. Oyún rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé nígbà tí wọ́n pa ọkùnrin náà, kò sì sí àwòrán rẹ̀ míì láyé yìí.

Agbára rẹ̀ kò ká iye tí Evodio pè é. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kàn máa wò ó.

"Wíwò náà, owó ni, Ìyá. Pésò kan."

Ó san án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń wá san pésò kan láti wo ojú bàbá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ojú náà, Evodio sì sọ ọ́ di pésò méjì. Don Cirilo dá sí i.

"Evodio, bàbá èèyàn lò ń gbowó ìwòran lé lórí. Ọlọ́run ń wò ẹ́."

"Tó bá ń wò mí, kí òun náà san pésò kan."

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Fermín Ulloa, oníkáàdì bíi tirẹ̀, yọ láàárín èrò. Fermín rí káàdì náà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n. Inú àpótí tirẹ̀ ni Evodio ti jí i. Fermín na ọwọ́ sí i. Evodio fa irin tó gbé aṣọ tó fi bo àtẹ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn dúró yọ, ó sì là á mọ́ ọn léjìká. Egungun dún. Ó tún là á mọ́ etí, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí gbogbo àtẹ. Fermín wó lulẹ̀ lórí eékún, ó fa ọ̀bẹ tó fi ń ṣí páálí yọ, ó sì tì í bọ inú Evodio lẹ́ẹ̀mejì.

Orí àwọn òkú rẹ̀ ni Evodio ṣubú sí.

Àwọn èèyàn yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ayàwòrán kan tó ń ya òkú fún ìwé ìròyìn sáré dé pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ní kí wọ́n kúrò níwájú oòrùn. Ẹnì kan rò pé ọkùnrin náà ti kú, ó fẹ́ fi aṣọ bo ojú rẹ̀.

"Ẹ má bo ojú ẹ̀," ni ayàwòrán náà wí. "Tí ojú ò bá hàn, kò ní tà."

Evodio gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí òun náà máa ń sọ ni. Ó fẹ́ pariwo pé òun ò tíì kú, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó, kò rí àánú nínú ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló rántí àwọn ọkùnrin mẹ́ta lẹ́bàá ògiri. Bóyá àwọn náà gbọ́. Ó rántí Ọlọ́run tí òun ní kó san pésò kan, ẹ̀rù sì bà á ju ọgbẹ́ náà lọ.

Doña Hermelinda ló ti àwọn èèyàn sápá kan. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi dí ojú ọgbẹ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà kí wọ́n má bàa rí ọkùnrin náà. Ayàwòrán ní kó yẹra.

"Wọ́n ya bàbá mi," ó wí. "Ẹ ò ní ya èyí."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Evodio fi wà láàárín ikú àti ìyè. Nígbà tó lajú, Don Cirilo ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó bi í pé kí ló dé tí obìnrin yẹn fi ṣe bẹ́ẹ̀. Don Cirilo ní òun náà bi obìnrin náà, obìnrin náà sì fèsì pé òun ò tíì dárí ji Evodio, òun kàn ò lè dúró máa wò ó ni. Lẹ́yìn náà ni Don Cirilo sọ ti Jésù fún un: bí wọ́n ṣe gbé E kọ́ sórí àgbélébùú níhòòhò, tí èrò dúró tí wọ́n ń wò Ó, tí àwọn ọmọ ogun sì ń ṣẹ́ kèké lórí aṣọ Rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Rẹ̀.

"Don Cirilo, èmi ni mo wà nísàlẹ̀ yẹn tí mò ń pín aṣọ."

"Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Àwa náà ni Jésù sì ń bẹ Bàbá Rẹ̀ pé kó dárí jì."

Evodio sunkún títí ọgbẹ́ rẹ̀ fi ń ro ó. "Olúwa," ó wí, "mo ti ta òkú, mo sì ti ta ara mi. Ṣàánú mi." Kò mọ àdúrà míì. Olúwa gbọ́ ìyẹn.

Nígbà tó lè rìn, ó lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun ló jalè, òun ló sì kọ́kọ́ lu èèyàn. Ó kó gbogbo káàdì rẹ̀ fún Fermín, ó sì tọrọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó gbé e lọ sílé Doña Hermelinda pẹ̀lú gbogbo owó ìwòran tó ti gbà. Ẹ̀jẹ̀ Evodio ti gbẹ sí igun káàdì náà. Obìnrin náà fi àtàǹpàkò kan ojú bàbá rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní kí Evodio jókòó, pé kọfí wà lórí iná.

Ìwọ tó ń kà á, àtìgbà tó ti ṣubú lo ti ń wo Evodio nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bóyá o ti sọ lọ́kàn rẹ pé o sàn jù ú lọ. Àmọ́ Ẹlòmíì wà tí wọ́n pa níta gbangba nítorí rẹ, wọn kò sì bo ojú Rẹ̀. Ọdún mélòó lo ti fi ń wò Ó lókèèrè, tí o ń kọjá lọ sídìí ọjà rẹ? Evodio kò mọ̀ pé ọ̀bẹ wà nínú ọjọ́ Àìkú yẹn. Ìwọ náà kò mọ ohun tó wà nínú òní.

Kúrò láàárín èrò. Sún mọ́ Ọn níbi tí o wà yìí, jẹ́wọ́ ohun tí o ṣe, kí o sì wo ojú Rẹ̀. Kò ní gba pésò kan lọ́wọ́ rẹ.