Àkèré Orí Òkúta Funfun

Kò sí ẹni tó mọ fọ́tò yà tó mi nílé ẹ̀kọ́ wa, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń ṣèwádìí nípa ẹranko, ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí adágún orí òkè, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àkèré kékeré kan tó ní ilà pupa lẹ́yìn ló ń wá. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, àwọn afọ́kúta sì ti ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún àwọn ní òkè náà. Bí a bá lè fi fọ́tò hàn pé àkèré náà ṣì wà níbẹ̀, wọn ò ní rí òkè gbà.

Òfin àǹtí mi ò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí a bá ti bá àkèré ni ká ti yà á, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Abẹ́ àpáta ló wà nínú òkùnkùn, ó tún kẹ̀yìn sí mi bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè. Àǹtí mi wà ní òdìkejì adágún. Mo bá rọra gbé e sórí òkúta funfun kan nínú oòrùn, mo yà á. Fọ́tò náà dùn ún wò. Àkèré bẹ́ sómi, ó lọ.

Ní ọ́fíìsì ìjọba, bàbá tó ń yẹ fọ́tò wò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

“Àkèré yìí kì í yá oòrùn,” ó ní. “Ta ló gbé e síbẹ̀?”

Ó ní òun ò lè mọ̀ bóyá inú àpò lẹnì kan ti mú un wá láti ibòmíràn. Àǹtí mi ló ń wò, kì í ṣe èmi. Ó ti pẹ́ tí àǹtí mi ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó pè é ní òpùrọ́ rí. Ojú tì mí gan-an.

“Èmi ni mo gbé e, sà. Àǹtí mi ò mọ̀ sí i.”

Bàbá fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta. Nínú mọ́tò, àǹtí mi ò bínú, ó kàn ní, “Fọ́tò ẹ dáa. Ohun tó kó bá wa nìyẹn.”

A padà sókè. Ọjọ́ méjì ni mo fi dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu àpáta yẹn, kí àkèré tó jáde wá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ó tún kẹ̀yìn sí mi. Mo yà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá wo fọ́tò náà títí. Ó ní, “Èyí ò lẹ́wà rárá,” ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Àwọn afọ́kúta ò rí òkè gbà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Èyí tí mo fi ìkánjú mú fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ àǹtí mi jẹ́. Mo ṣì mọ fọ́tò yà ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ibi tí mo bá ti bá nǹkan ni mo ti ń yà á.